Ọjọ́ Tí A Gbé Àkójọ Lọ sí Aburi

Òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ tútù ni ó máa ń jí mi ní ilé wa ní Kotobabi, ní ìlú Accra. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá mi yóò ti da ẹ̀yinná sínú áyọ́ọ̀nù, wọn yóò bu omi sẹ́nu, wọn yóò fẹ́ ẹ sórí aṣọ bí ìrì. Bí irin gbígbóná bá ti kàn án, èéfín funfun á sọ, òórùn rẹ̀ á sì dà bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà tí iná mànàmáná ń lọ tí ó ń bọ̀ bí ó ti wù ú, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí.

Aránṣọ ni ìyá mi. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò ju ìsọ̀ onípákó kan lọ, ní iwájú agboolé tí a ń gbé. Bàbá mi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alfa, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kùránì ní Nima, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rìn lọ, tí wọ́n ń fi rìn bọ̀. Àwọn méjèèjì, Accra ni a bí wọn sí, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ilé, Ìlọrin ni wọn yóò pè. Nínú agboolé náà, Gã ni a ń gbọ́ ní ìdí ààrò, Twi ní ìdí ẹ̀rọ omi, Hausa ní ẹnu ọ̀nà, Yorùbá nínú yàrá wa. Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Kò sí ìkà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò béèrè bóyá a fẹ́ ẹ.

Bí ìyá mi bá gé káábà fún oníbàárà, ègé aṣọ tí ó bá kù a máa bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àwọn aránṣọ mìíràn a gbá a dànù. Ìyá mi yóò ṣà á, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò kó o sínú àpò ìrẹsì. Wọ́n á ní, "Ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi." Ní àsìkò òjò tí iṣẹ́ bá dá, wọn yóò tú àpò náà sílẹ̀, wọn yóò sì máa rán àwọn ègé náà pọ̀ mọ́ra. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, wọn kì í fi ẹ̀rọ kàn án. Ọdún mẹ́ta ni ó gbà wọ́n kí ó tó di aṣọ ìbora kan tí ó kún bẹ́ẹ̀dì láti etí dé etí. Dúdú àti pupa tí àwọn ènìyàn fi sin òkú wọn wà nínú rẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù iléèwé wà nínú rẹ̀, àti àdìrẹ tí ìyá wọn wọ títí ó fi ya, àti etí jàlàbíà bàbá mi, àti ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n mí. Wọ́n pè é ní Àkójọ.

Lọ́jọ́ kan tí a sá a sórí okùn, oníbàárà kan, obìnrin tí ó mọ aṣọ wọ̀, rí i. Ó fi Twi béèrè pé, "Ìyá Sìdí, ṣé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń da àkísà bora?" Ìyá mi bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, wọ́n ká Àkójọ kúrò lórí okùn. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ni wọ́n ń sá a sí, lórí ilẹ̀kùn.

Orí ilẹ̀kùn yẹn ni tíṣà wa, tí a ń pè ní Màdáámù, ti rí i. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Màdáámù wá wọ aṣọ tí ìyá mi rán fún wọn wò, wọ́n sì wọ yàrá wa láti pààrọ̀. A dúró títí, wọn kò jáde. Nígbà tí ìyá mi wọlé lọ wò wọ́n, Màdáámù ṣì wọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá, wọ́n sì ń fi ìka tẹ̀ lé ojú rírán Àkójọ.

"Ìyá Sìdí," ni wọ́n wí, "kúìlìtì ni èyí."

"Kí ni? Kúlíkúlí?"

Màdáámù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Wọ́n wá ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn obìnrin kan wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe, pé ní Sátidé kan tí ó ń bọ̀, wọn yóò so tiwọn mọ́ àárín igi nínú ọgbà ńlá tí ó wà lórí òkè Aburi, kí ènìyàn wá wò ó. Wọ́n ní a óò lẹ páálí kékeré mọ́ ẹsẹ̀ aṣọ kọ̀ọ̀kan, a óò sì kọ orúkọ ẹni tí ó rán an sí i. Mo rí ìyá mi tí wọ́n ń wo Àkójọ bí ẹni tí ó ń wo ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Màdáámù fún mi ní ìwé kan ní iléèwé pé kí n mú un lọ fún ìyá mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá mi kò kàwé rárá. Bàbá mi ka ìwé Lárúbáwá títí orí wọn fi hewú, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀. Èmi ni mò ń ka lẹ́tà fún wọn, èmi ni mò ń ka ara páálí oògùn, mo sì ti mọ bí a ṣe ń dúró nígbà tí àgbà méjì bá ń retí ohun tí yóò ti ẹnu ọmọdé jáde. Mo ka ọjọ́. Mo ka ibi tí wọn yóò ti ṣe é àti aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dé ìlà mẹ́ta kan nísàlẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ, kò sì yé mi. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó jọ èyí tí a fi ń sọ pé kí ènìyàn wọlé.

"Kí ni wọ́n wí nísàlẹ̀ yẹn?" ni ìyá mi béèrè.

"Wọ́n ní kí á gbé aṣọ náà wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Màámi."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n sì wí fún bàbá mi pé, "Ẹ ò rí i? Ọmọ wa ti di ojú wa." Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà gbọ́ pé òótọ́ ni mo kà.

Láti ọjọ́ náà ni ètò ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún yín pé ìyá mi kì í jáde láti lọ gbádùn ara. Wọ́n mọ Makola níbi tí wọ́n ti ń ra òwú, wọ́n mọ Nima, wọ́n sì mọ ilé olókùú àti ilé ìsọmọlórúkọ. Kí ènìyàn dìde láàárọ̀ kí ó lọ sí orí òkè kan, kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́, nítorí kí a lè wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí. Nítorí náà, wọ́n ṣètò rẹ̀ bí ẹni tí ó ń lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ní kí n mú ìwé iléèwé kan tí ó ṣẹ́kù, kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá wí sí i. Mo kọ ẹni tí yóò wo ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ oúnjẹ: wáákyé, ìrẹsì tí a sè mọ́ ẹ̀wà, nínú ewé, ẹyin sísè, ata ṣítọ̀ nínú ìgò kékeré. Mo kọ omi, búùtà àlùwàlá, abẹ́rẹ́ àti òwú bí ojú rírán kan bá tú lọ́nà. Ní ẹ̀yìn ìwé náà ni mo ti ń kọ orúkọ wọn, Rábíátù, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ọwọ́ mi lè dára nígbà tí wọ́n bá ní kí n kọ ọ́ sára páálí.

Wọ́n tún ní kí á mọ ọ̀nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a fi ẹsẹ̀ rìn dé ibùdó tròtrò, ọkọ̀ èrò kéékèèké, nítorí kí wọ́n lè béèrè nìkan. Wọ́n bi awakọ̀ kan, wọ́n bi méètì rẹ̀ tí ń gbowó ọkọ̀, wọ́n tún bi ìyá tí ó ń ta ọsàn níbẹ̀, bí ẹni pé ẹnu mẹ́ta ni ó tó gbà gbọ́. Gbogbo wọn ní kí á wọ ọkọ̀ dé Madina, kí á wá wọ ti Aburi níbẹ̀. "Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà," ni ìyá mi wí bí a ṣe ń padà bọ̀. Ojú mi wà nílẹ̀. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, àfi ìwé tí mo kà.

Àǹtí Dede, obìnrin Gã tí ó ń sè kẹ́ńkẹ́ àgbàdo tà nínú agboolé wa, ni yóò wo ṣọ́ọ̀bù àti àwọn àbúrò mi méjèèjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ìyá mi ti ń bá wọn to ètò náà, Àǹtí Dede ní, "Ẹ gbé ìwé náà wá kí ọmọ mi bá yín wò ó. Ó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì."

Ìyá mi ní, "Fún kí ni? Tèmi ti kà á."

Mo wà nídìí àwo tí mò ń fọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo nílò láti sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo pinnu pé màá bi Màdáámù. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì wọn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi jáde lọ ṣeré. Òórùn ẹfun àti ọsàn bíbó wà nínú kíláàsì náà. Màdáámù gbójú sókè, wọ́n béèrè pé kí ni mo fẹ́. Ẹnu mi là, mo sì gbọ́ tí mo wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ Màdáámù, mo fẹ́ lọ tọ̀." Mo jáde lọ, n kò sì tọ̀. Mo kàn dúró sẹ́yìn ògiri títí aago fi lù.

Alẹ́ Jímọ̀ọ̀, bàbá mi ṣe àdúà fún wa. Wọ́n ní, "Ẹ má jẹ́ kí ìrun Àìlà ọ̀sán kọjá lórí yín níbẹ̀ o. Ibi tí ó bá mọ́ ni kí ẹ ti kí i."

A ti wà lọ́nà kí oòrùn tó yọ. Ìyá mi di Àkójọ sínú aṣọ funfun, wọ́n gbé e lé itan wọn nínú tròtrò, wọn kò jẹ́ kí méètì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, etí mi di, afẹ́fẹ́ tútù sì gba ojú fèrèsé wọlé. Accra tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rí roboto nínú ìkùukùu, bí ohun tí ènìyàn lè ká kó sápò. Ìyá mi na ọrùn wò ó. "Ṣé ibẹ̀ ni a ti ń bọ̀ yẹn?" ni wọ́n wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọbìnrin. N kò tíì rí ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn rí.

Obìnrin kan tí ó wọ awò ojú jókòó sídìí tábìlì lábẹ́ igi kan ní ẹnu ọgbà. Ìyá mi kí i, wọ́n gbé ẹrù wọn lé orí tábìlì náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Obìnrin náà fi ọwọ́ dá wọn dúró, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyá, ẹ má bínú. Alàmísì ni a ti gba gbogbo rẹ̀. Kò sí àyè lórí okùn mọ́. Ó wà nínú ìwé tí a pín."

Ìyá mi yíjú sí mi. Mo ń wo bàtà mi. Mo retí àbàrá, mo tilẹ̀ fẹ́ kí ó dé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn, ní Twi, ohùn tí ó tutù bíi pé kò sí nǹkan kan: "Èmi ni mo gbọ́ ọ lódì. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè wò ó?"

A wò ó. Títí di òní n kò tíì rí ohun tí ó jọ ọ́. Aṣọ bí ogójì ni wọ́n na sí àárín àwọn igi ńláńlá náà, atẹ́gùn sì ń fẹ́ wọn wú bí àyà ènìyàn tí ó sùn. Ìyá mi ń lọ láti ìdí kan dé ìdí kejì, Àkójọ wà ní orí wọn. Ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yí wò, níbi tí kókó òwú wà, kí wọ́n tó wo iwájú. Ní ìdí òmíràn, wọn a yínmú díẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti rí i pé tiwọn dára jù ú. Ní ìdí ọ̀kan tí ó funfun pátápátá, tí ó jẹ́ pé ojú abẹ́rẹ́ nìkan ni ọnà tí ó wà lára rẹ̀, wọ́n dúró pẹ́. "Ẹni yìí ní sùúrù," ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí n ka orúkọ tí ó wà lára páálí rẹ̀. Mo kà á.

Nígbà tí Àìlà tó, a wá ibi tí ó mọ́. Koríko tutù, ìgbẹ́ ẹyẹ sì wà káàkiri. Ìyá mi wò yíká, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n tú aṣọ funfun náà, wọ́n sì tẹ́ Àkójọ sílẹ̀ lábẹ́ igi kan. A ṣàlùwàlá pẹ̀lú omi búùtà, a bọ́ sàlúbàtà, a sì kírun lórí rẹ̀, èmi lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí a sálámà parí ìrun náà, àwọn ènìyàn ti dúró yí etí aṣọ náà ká. Kò sí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kàn án. Obìnrin awò ojú náà wà láàárín wọn.

"Ta ni ó rán an?"

"Èmi ni," ni ìyá mi wí.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí koríko. Ó nawọ́ sí ègé aṣọ dúdú kan, ó béèrè ibi tí ó ti wá. Ìyá mi sọ fún un pé ti opó kan ni, ní Kotobabi, tí ó sunkún lórí tábìlì ìránṣọ títí tí wọn kò fi lè wọn àyà rẹ̀. Ẹlòmíràn béèrè nípa àdìrẹ. Wọ́n sọ ti ìyá wọn. Nígbà tí Twi wọn kò bá tó, wọn a bọ́ sí Hausa, bí Hausa náà kò bá tó, wọn a kọjú sí mi pé, "Sìdí, sọ ọ́ fún wọn," èmi yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. A ṣí wáákyé wa. Àwọn kan jókòó tì wá, ọmọ ẹnìkan sì sùn lọ lórí ibi tí yúnífọ́ọ̀mù wà. Bí wákàtí kan ṣe lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí páálí, orúkọ Rábíátù kò sì sí lára nǹkan kan nínú ọgbà náà. Nígbà tí ọkùnrin kan ń fi kámẹ́rà ya àwọn tí ó wà lórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí wa ká, ó kọjá. Ìyá mi fi ojú tẹ̀ lé e títí ó fi dé òpin. Mo rí i. N kò gbàgbé rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí a bá padà ni wọ́n ti bá mi sọ̀rọ̀. A ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

"Sìdí, ṣé o kà á tán lọ́jọ́ yẹn?"

"N kò kà á tán, Màámi."

"Èwo ni o kò mọ̀?"

"Ìlà mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀."

Wọn kò gbójú mọ́ mi.

"Bí o bá ní o kò mọ̀ ọ́n, màá béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí o bá ní o mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tí màá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́."

Mo sunkún títí a fi dé Madina, wọ́n sì jẹ́ kí n sun ún. Wọn kò sọ fún bàbá mi, wọn kò sọ fún Àǹtí Dede. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí lẹ́tà kan dé, èmi náà ni wọ́n tún gbé e fún. Mo kà á. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n béèrè, láìsí ìbínú kankan, pé, "Èwo ni o kò mọ̀ níbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń béèrè lórí gbogbo ìwé tí mo kà fún wọn títí mo fi kúrò nílé. Nígbà mìíràn mo máa ń dáhùn pé mo mọ gbogbo rẹ̀, yóò sì jẹ́ òótọ́.

Mo ti ju ọjọ́ orí tí ìyá mi wà nígbà náà lọ báyìí. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Kokomlemle, àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lábẹ́ mi sì gbà pé kò sí ìwé tí n kò lè túmọ̀. Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀gá wa pè mí, ó na ìwé ètò tuntun kan sí mi, ó ṣàlàyé rẹ̀ kíákíá, ó sì béèrè bóyá ó yé mi. Mo ní ó yé mi. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo dé ìdí tábìlì mi. Mo jókòó bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo bá dìde, mo padà, mo kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ìpínrọ̀ kejì kò yé mi."

Ó ṣàlàyé rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà náà kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá tí ó bí i. Èmi àgbà náà, mo kọ́kọ́ jáde ná kí n tó padà wọlé. Gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwa méjèèjì kò ju ìpadàwọlé yẹn lọ, ó sì gbà mí tó ọgbọ̀n ọdún.